Àṣẹ Ilé-Ẹjọ́ Kì Í Ṣe Ìwé Tí A Fi Ń Di Àkàrà

Nígbà tí ìròhìn bá kàn pé ilé-ẹjọ́ ti pàṣẹ pé kí ìjọba tú ẹnì kan sílẹ̀, tàbí pé kí wọn má ṣe wó ilé ẹnì kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ń ti ẹnu àwọn ènìyàn wa jáde kì í ṣe pé, "Kí ni adájọ́ wí?" Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, "Ǹjẹ́ wọn ó gbọ́?" A ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu awakọ̀, a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá aláṣọ, a sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ tí wọ́n mọ̀ dájú pé ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ jẹ́ àbùkù fún orílẹ̀-èdè. Kò sí ẹni tí í béèrè bóyá òjò yóò gbọ́ràn sí ẹnì kan lẹ́nu. Ìjọba tí a fi òfin gbé kalẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ máa rò ní irú èrò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a ní í sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Àṣẹ ilé-ẹjọ́ ni odi tí ó wà láàárín mẹ̀kúnnù àti ẹni tí ìbọn ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá sì ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí ìjọba ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń tẹ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, odi ilé ara rẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó. Ṣùgbọ́n kí a tó bá àwọn olóṣèlú wí, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn àṣẹ wọ̀nyí jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń pariwo pé "Ẹ lọ sí kóòtù" kò mọ ohun tí wọn ó béèrè bí wọ́n bá dé ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí a ti Èkó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1925, ìjọba àwọn òyìnbó rọ Ọba Èṣùgbàyí, Eléèkó, lóyè, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ó fi ìlú sílẹ̀. Nígbà tí kò lọ, wọ́n mú un, ó di Ọ̀yọ́. Òfin kan ni wọ́n gùn lé, èyí tí ó fún Gómìnà lágbára láti lé ẹni tí a bá rọ̀ lóyè kúrò ní ìlú rẹ̀ bí àṣà ìlú náà bá béèrè bẹ́ẹ̀. Kábíyèsí àti àwọn ènìyàn rẹ̀, pẹ̀lú Herbert Macaulay tí ó dúró gbọn-in lẹ́yìn wọn, gba ilé-ẹjọ́ lọ. Àṣẹ tí wọ́n béèrè ni èyí tí àwọn amòfin ń fi èdè Látìn pè ní habeas corpus, tí àwa lè pè ní àṣẹ Mú-un-wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le rárá. Adájọ́ yóò wí fún ẹni tí ó fi ènìyàn sí àhámọ́ pé kí ó mú ẹni náà wá síwájú òun, kí ó sì ka òfin tí ó fi dè é mọ́lẹ̀. Bí kò bá rí òfin kà, ẹni náà di òmìnira lójú ẹsẹ̀.

Ẹjọ́ náà kò rọrùn. Adájọ́ kan kọ̀ fún wọn. Nígbà tí wọ́n tọ òmíràn lọ, wọ́n ní ohun tí ẹnì kan ti kọ̀, ẹlòmíràn kò lè tún un gbọ́. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn yẹn sì wí ní ọdún 1928 pé ẹni tí ó wà ní àhámọ́ lè ti ọ̀dọ̀ adájọ́ kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, àti pé ọ̀ranyàn ni fún olúkúlùkù wọn láti gbọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1931, ẹjọ́ náà tún padà dé Lọ́ńdọ̀nù. Lord Atkin ni ó ka ìdájọ́ ọjọ́ náà, ohun tí ó sì wí ṣì ń dún nínú gbogbo ilé-ẹjọ́ tí ó ń lo òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì títí di òní: pé Gómìnà kì í ṣe ilé-ẹjọ́, àti pé kò sí ọmọ ìjọba kan tí ó lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí dúkìá ẹnikẹ́ni àfi bí ó bá lè fi ẹsẹ̀ òfin tí ó dúró lé hàn níwájú adájọ́. Nítorí náà, ilé-ẹjọ́ gbọdọ̀ wádìí bóyá wọ́n rọ ọkùnrin náà lóyè ní tòótọ́, àti bóyá àṣà Èkó fẹ́ kí ẹni tí a rọ̀ lóyè jáde nílùú. Ọ̀rọ̀ Gómìnà nìkan kò tó.

Lábẹ́ Gómìnà Donald Cameron ni Ọba Èṣùgbàyí padà sí Èkó ní ọdún 1931 yẹn kan náà, ó sì padà sórí oyè rẹ̀. Ó wàjà ní 1932. A kò sọ èyí láti yin ìjọba àwọn òyìnbó, nítorí àwọn náà ni wọ́n ṣe òfin àbòsí tí wọ́n fi lé e. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé ìjọba náà ní ọmọ-ogun, ó ní ọkọ̀ ojú omi, Kábíyèsí kò sì ní ju ọ̀pá àṣẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí àwọn adájọ́ kọ mú kí alágbára tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rò. Ọdún mẹ́fà ni ó gbà. Ọba ni, gbogbo ìlú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni ti ọmọ kanlékanlé tí wọ́n kó sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀?

Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999 ṣe ní Abala 35. Bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà sí ibi tí a ti mú ènìyàn, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti fi gbé e lọ síwájú adájọ́. Bí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye ọjọ́ tí adájọ́ bá rí i pé ó yẹ. Ẹni tí a fura sí pé ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú nìkan ni ìlànà yìí yọ sílẹ̀. Abala 46 sì wí pé ẹnikẹ́ni tí a bá fi irú ẹ̀tọ́ yìí dù lè gba Ilé-Ẹjọ́ Gíga lọ. Òfin ìlànà tí a ṣe ní ọdún 2009 tún mú un rọrùn: ẹlòmíràn lè pe ẹjọ́ náà ní orúkọ ẹni tí ó wà ní àhámọ́, láàárín ọjọ́ méje tí a bá sì ti fi ìwé sílẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ gbọdọ̀ dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sí. Òfin ọdún 2015 lórí ẹjọ́ ọ̀daràn ní kí adájọ́ májísíréètì máa lọ wo àwọn tí ó wà ní àhámọ́ ọlọ́pàá lóṣooṣù. Gbogbo wa ni a sì ti kà á lára ògiri àgọ́ ọlọ́pàá pé bélì kò gba owó. Bí ohun tí a kọ sára ògiri bá ti ń tó ènìyàn gbà sílẹ̀ ni, a kì bá tí kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ̀rọ̀ àṣẹ tí ó tẹ̀lé e kàn jù lọ. Adájọ́ lè ṣe ìkéde ẹ̀tọ́, ó sì lè pa àṣẹ Ṣe-é. Àwọn ènìyàn a sì máa pe méjèèjì ní nǹkan kan náà. Nínú ìkéde ẹ̀tọ́, adájọ́ yóò wí pé, "Ìwọ ni ó jàre." Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ kankan. Ẹni tí ó jàre yóò jó jáde ní kóòtù, wọn ó lu ìlù fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá yóò wí fún un pé lóòótọ́ ni adájọ́ wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí àwọn ṣe nǹkan kan. Ohun tí ó dé bá ọ̀gbẹ́ni Shitta-Bey gan-an nìyẹn. Amòfin ni lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n fi tipátipá mú un fẹ̀yìn tì. Ilé-ẹjọ́ kéde pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ tí ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba kò dá a padà. Ó tún padà sí kóòtù, ó ń béèrè àṣẹ Ṣe-é, èyí tí àwọn amòfin ń pè ní mandamus. Ní ọdún 1981, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fún un. Wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba tí òfin dáàbò bò kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá lè lé lọ nígbàkúùgbà tí inú bá ń bí i, nítorí náà kí Ìgbìmọ̀ dá a padà sáyè rẹ̀. Ní ọdún 1985, ilé-ẹjọ́ kan náà dá àwọn olùkọ́ àgbà kan padà sí Yunifásítì Èkó lórí irú ìlànà yìí nínú ẹjọ́ Ọláníyan. Kí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni má ṣe fi èyí tan ara rẹ̀ jẹ o: owó ìtanràn ni tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe ìdápadà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ìjọba lé láìtọ́, tí ó ní kí lọ́yà òun béèrè fún ìkéde nìkan, ìdajì oúnjẹ ni ó bù.

Àṣẹ ìdádúró ni ó kù, òun sì ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí ènìyàn méjì bá ń ṣe ẹjọ́ lórí ilẹ̀, bí ọ̀kan bá kọ́ ilé alájà mẹ́ta sórí rẹ̀ kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀, kí ni ìdájọ́ fẹ́ ṣe? Nítorí èyí ni ilé-ẹjọ́ ṣe máa ń wí pé kí ohun gbogbo wà bí ó ti wà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ní ọdún 1985, Odumegwu Ojukwu àti ìjọba ológun ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà lẹ́nu ẹjọ́ lórí ilé kan ní Ìkòyí. Ẹjọ́ kò tíì parí nígbà tí ìjọba fi agbára lé e jáde. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà sínú ilé. Ìjọba kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n sáré gba Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ lọ pé kí ó dá àṣẹ náà dúró. Àwọn adájọ́ kọ̀ fún wọn ní ọdún 1986. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ wí i láìfi bò pé ọ̀ràn ńlá ni kí ẹnì kan tẹ àṣẹ ilé-ẹjọ́ kan mọ́lẹ̀, kí ó sì tún wá sí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ú lọ láti wá ojú rere nígbà tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kí ìjọba kọ́kọ́ gbọ́ràn ná.

A mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín àwọn ènìyàn wa tí wọn kò bìkítà nígbà náà. Wọ́n rántí ogun 1967 sí 1970, wọ́n sì wí pé kí ni ó kàn wá nínú ilé Ojukwu. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ayálégbé tí onílé fẹ́ yọ òrùlé lé lórí, àti oníṣòwò tí ìjọba fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà níwájú adájọ́, ìdájọ́ Ojukwu ni lọ́yà wọn ń gbé dání wọ kóòtù. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá ń sá sábẹ́ òrùlé tí ó kọ́.

Òtítọ́ kò gbọdọ̀ ṣàìjáde: àwọn adájọ́ kan náà lọ́wọ́ nínú bí àṣẹ ilé-ẹjọ́ ṣe di yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Síbẹ̀ òfin gbà kí adájọ́ pa àṣẹ ìdádúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo, bí ọ̀ràn náà bá jẹ́ kánjúkánjú tí kò lè dúró de ẹnì kejì. Nínú ẹjọ́ Kòtóyè ní ọdún 1989, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ààlà sí i: ìkánjú náà gbọdọ̀ jẹ́ òtítọ́, kì í ṣe èyí tí olùpẹ̀jọ́ fi ìlọ́ra ara rẹ̀ dá sílẹ̀, àṣẹ náà kò gbọdọ̀ pẹ́, ẹni tí ó gbà á sì gbọdọ̀ ṣe ìlérí láti san owó bí ó bá hàn lẹ́yìn náà pé kò tọ́ sí i. Kò ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà ni a rí ohun tí a rí. Ní òru ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 1993, Ilé-Ẹjọ́ Gíga kan ní Àbújá pàṣẹ, nítorí ẹ̀bẹ̀ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ABN, pé kí ìdìbò ọjọ́ kejìlá má ṣe wáyé. Àjọ tí ń ṣètò ìdìbò ṣe é síbẹ̀, nítorí òfin ìjọba ológun tí ó gbé ìdìbò náà kalẹ̀ ti wí pé ilé-ẹjọ́ kò lè dá a dúró. Gbogbo wa ni a yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àṣẹ mìíràn tún ti Àbújá jáde ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún pé kí a má ṣe ka èsì mọ́, Àjọ náà dáwọ́ dúró, ní ọjọ́ kẹtàlélógún ìjọba ológun sì fagi lé gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá bi wá pé èéṣe tí àwọn ènìyàn wa kò fi ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú àṣẹ ilé-ẹjọ́, àṣẹ òru yẹn wà lára ìdáhùn. Kò tíì tán nílẹ̀. Ní ọdún 2021, ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó àwọn adájọ́ ní láti bá adájọ́ mẹ́ta wí nítorí irú àṣẹ ẹnìkan bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Síbẹ̀, àṣẹ tí kò dára ní oògùn tirẹ̀. Ẹni tí ó bá dùn lè padà sọ́dọ̀ adájọ́ kan náà pé kí ó fagi lé e, ó sì lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Kí ènìyàn jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba, kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa àṣẹ èyí tí yóò gbọ́ àti èyí tí yóò fi nu ọwọ́, kò sí nínú oògùn náà.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ àwọn olóṣèlú. Ní ọdún 2004, lẹ́yìn tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun mẹ́tàdínlógójì sílẹ̀, Ààrẹ ní kí a má ṣe san owó tí ó tọ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó láti inú àpò àpapọ̀ mọ́. Èkó gba Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ lọ. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé-ẹjọ́ wí pé Ààrẹ kò ní agbára láti dá owó náà dúró. Ó sì tún wí pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun náà kò tíì pé títí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀. Ìhà kọ̀ọ̀kan mú ìdajì tí ó dùn mọ́ ọn nínú, ó sì ń pariwo rẹ̀ kiri. Ọ̀ràn owó náà kò yanjú títí di ọdún 2007, nígbà tí Ààrẹ mìíràn, Umaru Yar'Adua, dé orí oyè. Bẹ́ẹ̀ ni Abala 287 nínú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ wí láìṣe àní-àní pé gbogbo aláṣẹ àti gbogbo ènìyàn ní orílẹ̀-èdè yìí ni yóò mú ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ṣẹ. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ ni owó oṣù yín ti ń jáde, ẹ kò nílò kí a là á fún yín bí irú àìgbọràn bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa pariwo nígbà náà, ariwo náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni ariwo wà nígbà tí ó kan ilé tiwa? Ní Èkìtì, ìjọba tuntun dé ní ọdún 2010, ó sì tú àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí a dìbò yàn ká. Ní ìparí ọdún 2016 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó wí pé kò bófin mu. Sáà àwọn tí a lé ti parí tipẹ́tipẹ́, owó ni ó kù tí wọ́n lè gbà. Ní Ọ̀yọ́, ìjọba mìíràn, ti ẹgbẹ́ mìíràn, dé ní ọdún 2019, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ọjọ́ tí ó gorí oyè; ilé-ẹjọ́ kan náà bá a wí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó ṣe é. Àwọn ọmọlẹ́yìn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì rí àwíjàre wí fún tiwọn: wọ́n ní ìdìbò tí ó gbé àwọn alága wọ̀nyẹn wọlé kì í ṣe ìdìbò gidi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ta ni láti sọ ọ́?

A fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròhìn yìí bi ara yín ní ìbéèrè kan. Nígbà tí lọ́yà bá fi ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n ń pè ní Fọ́ọ̀mù 48 ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan nínú ìjọba yín, tí í ṣe ìwé tí ń sọ ìyà tí ó wà nínú àìgbọràn, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò sì jẹ́ kí akọ̀wé kóòtù wọlé, ẹ̀yin ti ta ni ẹ wà? Fọ́ọ̀mù 49 ni ó tẹ̀lé e, òun ni ó ń pe ọ̀gá náà kí ó wá sọ ìdí tí a kò fi ní í jù ú sẹ́wọ̀n. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹsẹ̀ ènìyàn ńlá kan tó ti ibẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n ní ilẹ̀ wa.

Àtúnṣe kan wà tí kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ìwà ẹnikẹ́ni, nítorí inú òfin ni àléébù rẹ̀ wà. Nínú àkójọ òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2004, Abala 84 nínú òfin tí ó jẹ mọ́ mímú ìdájọ́ ṣẹ wí pé ẹni tí ó bá jàre ìjọba, tí ó sì fẹ́ gba owó rẹ̀ láti inú owó tí ó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, gbọdọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda Agbẹjọ́rò Àgbà. Ta ni Agbẹjọ́rò Àgbà? Òun ni ó gba ẹjọ́ rò fún ìjọba tí ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá ọ jà ni kí o lọ bẹ̀ kí ó tó gbà kí o mú ohun tí o jẹ nínú ìjà. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti gbìyànjú ní ọdún 2017, nínú ẹjọ́ Báǹkì Àpapọ̀ àti ilé-iṣẹ́ Interstella, láti dín agbára yìí kù níbi tí Agbẹjọ́rò Àgbà fúnra rẹ̀ bá ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó jẹ gbèsè. Àwọn aṣòfin ni ó yẹ kí wọ́n fa ìyókù tu.

Ní ti àwọn ìpínlẹ̀ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ohun tí a ń béèrè kò nílò òfin tuntun. Nígbà tí àwọn gómìnà bá gbé ìwé ìṣirò owó ọdún tí ń bọ̀ lọ síwájú ilé aṣòfin, kí àwọn aṣòfin ní kí Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ wọn gbé ìwé kan tì í: orúkọ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìjọba tí a kò tíì mú ṣẹ, ọjọ́ tí a dá a, ohun tí adájọ́ ní kí a ṣe, àti iye owó tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ilé aṣòfin kan bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde lódindi, ní ojú ewé yìí.